Tata Yèyé Tí Kò Lójú

Yèyé ló kọ́kọ́ rí i pé ojú tata náà kù kan.

Ọ̀sán ni, ní àsìkò ọyẹ́, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní Ọ̀kà. Ráṣídì, àbúrò mi tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, ti ń bì láti àárọ̀. Ìyá mi gbé e sórí itan, ó ń fi aṣọ tútù nù ún lẹ́nu, ó ń sọ pé ẹ̀kọ àná tí wọ́n fún un jẹ ló ti kan. Èmi jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Yèyé, tí í ṣe ìyá bàbá mi, bẹ̀rẹ̀ láti ṣa àwọn aṣọ tí ọmọ ti bì sí, ohun ìṣeré tó rán fún un sì bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Tata ni, tata tí a fi aṣọ rán, tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Ó mú un nílẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n, ó dún. Ó yí orí rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀.

Ojú pupa kan ń wò wá. Níbi tí ojú kejì wà tẹ́lẹ̀, òwú dúdú kan ló ta jáde, itọ́ rin ín gbingbin.

Yèyé ní, “Ìyàwó, ojú rẹ̀ kejì dà?”

Ìyá mi kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ ń bì, ẹ ń wá ojú tata.”

Yèyé fi tata náà sí ìgbátí aṣọ rẹ̀, ó jáde sí títì, ó dúró sí àárín ọ̀nà títí ọkọ̀ tó kó igi kan fi dúró fún wa. Bí a ṣe dé ilé ìwòsàn ní Ìkàrẹ́ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló gbà wá. Ó béèrè ohun tí ọmọ jẹ. Ìyá mi ní ẹ̀kọ. Yèyé yọ tata jáde, ó gbé e sórí tábìlì. Obìnrin náà fi èékánná yọ ojú tó kù, ó gbé e sí ojú fèrèsé, ó rí ihò tó là á já láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì.

Ó ní, “Èso ojú ológbò nìyí. Ká ní odidi ló gbé mì, bó ṣe wọlé ni ì bá ṣe jáde, nítorí èèpo rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n èyí ti níhò. Májèlé inú rẹ̀ ti rí ọ̀nà. Ta ló lu ú?”

Mo la ẹnu. Yèyé di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó fún un títí èékánná rẹ̀ fi wọ̀ mí lára.

Ó ní, “Èmi ni. Èmi ni mo lu ú, èmi náà ni mo rán an mọ́ ọn.”

Ní ọjọ́ kẹta, Ráṣídì kú. Wọ́n gbàdúrà sí i lára, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Mo ti pẹ́ kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Yèyé ti lọ báyìí, ìyá mi ti lọ ṣáájú rẹ̀, bàbá mi náà kò sí mọ́, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Síbẹ̀ ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ohun tí mo bá mọ̀ nìkan ni n ó sọ. Ohun tí kò bá dá mi lójú, n ó fi í sílẹ̀.

Yèyé kì í ṣe ẹni tó máa ń ṣeré pẹ̀lú ọmọdé. Ariwo wa kì í bá a lára mu. Bí a bá ń sáré kiri nínú àgbàlá rẹ̀, yóò sọ òkò wẹ́wẹ́ sí wa lẹ́sẹ̀ bí ẹni ń lé adìẹ. Kì í kọrin fún ọmọ, kì í sì í dá àpárá. Ṣùgbọ́n bí obìnrin kan bá bímọ ládùúgbò, kó tó di pé ọmọ náà lè jókòó, Yèyé á ti rán tata kan fún un. Ó ní àwọn bèbí oníke tí wọ́n ń tà lọ́jà Ìkàrẹ́ kò wúlò, nítorí pé ibi gbogbo lára wọn bákan náà ni. Àrán ló máa ń fi ṣe ikùn tata, kó lè máa dán mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Àpò ìdọ̀họ ló fi ń ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, kó lè máa ha ọwọ́. Ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́ aṣọ méjì tó fi háhá àgbàdo gbígbẹ sáàárín wọn, tí ọmọ bá fún un pọ̀, á máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń rìn lórí koríko. Nínú ikùn, láàárín ẹ̀gbọ̀n òwú, agolo ìpara kékeré kan wà tó fi èso ìdò sí, hóró dúdú líle tó ń dún bí a bá gbọ̀n ọ́n. Okùn tó ta ní kókó kókó ni ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ọmọ tó ń yọ eyín lè rí nǹkan rún.

Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tó jẹ́ tata. Ó ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ọmọ Ọ̀kà ló máa ń gun orí àpáta lọ mú tata, wọ́n á yọ ọ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ níyẹ̀ẹ́, títí yóò fi kú lọ́wọ́ wọn. Ó ní, “Èyí kì í kú.”

Kó tó fi tata kan sílẹ̀, yóò dijú, yóò fi gbogbo ara tata náà ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò fi eyín fa ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò fa ìyẹ́, yóò fa ojú ibi tó ti rán an pọ̀, orí rẹ̀ á máa mì bí ti ajá tó ń fa awọ. Àwa ọmọ á máa rẹ́rìn-ín. Ó máa ń sọ pé, “Bí eyín mi kò bá lè fà á já, eyín ọmọ kò lè fà á já.”

Ojú nìkan ni kò fi eyín dán wò. Mo ti ro èyí lọ́pọ̀ ìgbà. Ká ní ó fi eyín dán an wò, bóyá òun ni ì bá kú, tí Ráṣídì ì bá wà láyé. Yèyé ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà jù mí lọ, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú yìí, ọ̀dọ̀ mi ló ti wá.

Tẹ́lẹ̀, òwú dúdú ni Yèyé ń ta ní kókó méjì síbi ojú. A wá lo ìsinmi iléèwé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti Ìkàrẹ́ tí àwọn òbí mi ń gbé. Ní àsìkò tí mò ń wí, Èkìtì ṣì wà pẹ̀lú wa nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀nà Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́ kò sì dára tó báyìí, nítorí náà tí a bá ti dé, a ó pẹ́ kí a tó padà. Mo jókòó tì í, mò ń bá a fi òwú sábẹ́rẹ́ nítorí pé ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo ní, “Yèyé, tata yín fọ́jú.”

Ó ní, “Ìwé wo ló fẹ́ kà?”

“Kò kàwé. Ó fọ́jú ni.”

“Ìwọ tí ojú rẹ là, ṣé o ti gbálẹ̀?”

Mo dìde bí ẹni fẹ́ gbálẹ̀, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ìtàkùn ojú ológbò bo ọgbà ibẹ̀. Ọyẹ́ ti la èèpo èso rẹ̀, àwọn hóró pupa olórí dúdú sì kún inú wọn, wọ́n ń dán. A mọ ìtàkùn náà dáadáa. Bí a bá ń húkọ́, ewé rẹ̀ ni Yèyé máa ń já fún wa jẹ, ó sì dùn lẹ́nu bí ṣúgà. Ohun tí ewé rẹ̀ ń wo ikọ́, ta ni yóò bẹ̀rù èso rẹ̀? Ẹlòmíràn tí kò mọ ewé yẹn lè sọ pé àwa ni a kò lóye. Àṣìṣe ẹni tó mọ ìtàkùn ni a ṣe.

Mo bu ẹ̀kúnwọ́ wá. Yèyé mú ọ̀kan, ó yí i. Ó béèrè pé, “Ṣé o ti rí ẹyẹ tó ń jẹ ẹ́?” Kí n lè fi hàn án pé kò sí nǹkan níbẹ̀, mo ju ọ̀kan sẹ́nu, mo gbé e mì. Ó gbá mi lẹ́yìn, ó ní kí n pọ̀ ọ́, n kò lè pọ̀ ọ́. Kò jẹ́ kí n kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó ń fọwọ́ kàn mí níkùn, ó ń wo ìgbẹ́ mi. Kò sí nǹkan tó ṣe mí. Ní ọjọ́ kẹta, ó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó tín-ín-rín jù, ó fi í sínú iná títí ó fi pọ́n, ó fi í lu hóró méjì. Ó rán wọn mọ́ orí tata tuntun tí ó ń ṣe fún Ráṣídì nítorí pé èyí tó ní tẹ́lẹ̀ ti gbó, ó gbé e sókè, tata náà sì ń wò wá lóòótọ́.

Ó ní, “Ó dáa. Ẹ jẹ́ kó ríran.”

Odidi ni mo gbé mì, ìdí nìyí tí mo fi wà láyé. Abẹ́rẹ́ kò kan èyí tó wọ inú mi. N kò tíì lè wo abẹ́rẹ́ tó pọ́n nínú iná láti ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe jẹun.

Ká ní tata kan ṣoṣo ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbi ìsìnkú. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin rí tata olójú pupa yẹn lọ́wọ́ Ráṣídì, gbogbo wọn fẹ́ irú rẹ̀. Yèyé rán àwọn mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó fún àwọn aládùúgbò, èmi sì gbé ìyókù sínú àwo tẹ̀ lé e lọ́jọ́ ọjà. Yèyé kò mọ ìwé. Okùn kan ló ní, ìgbàkígbà tí tata olójú pupa kan bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ta kókó kan sí i. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ Ráṣídì, ó gbé okùn náà kalẹ̀ níwájú mi. Kókó mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Ó tú ọ̀kan, ìyẹn ti Ráṣídì.

Ó ní, “Ìwọ lo mọ ojú wọn. Dìde.”

Ìdí nìyẹn tó fi mú mi lọ, nítorí pé ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, èmi ni mo sì gbé àwo. Bóyá ìdí mìíràn wà, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ mi wú, pé mi ò tíì sunkún àbúrò mi tán, àti pé n kò fẹ́ lọ. Ilé dé ilé, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ. “Èmi ni mo ṣe tata tó wà lọ́wọ́ ọmọ yín. Ojú rẹ̀ pa ọmọ ọmọ mi. Ẹ dá a padà fún mi.” Tí mo bá ti fẹ́ lanu, á di ọrùn ọwọ́ mi mú.

Àwọn kan gbé e fún un, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Ní Ṣúpárè, ọkùnrin kan jókòó síwájú ilé, ó ń kó iṣu sínú apẹ̀rẹ̀. Ó wo Yèyé láti òkè délẹ̀.

“Ìyá, ẹ̀yin kọ́ lẹ wá síbí ní oṣù tó kọjá, tí ẹ ń fi yangàn pé kò sí irú rẹ̀?”

“Èmi ni.”

“Ẹ wá ń gbà á padà. Ẹ ti rí oníbàárà mìíràn nìyẹn.”

Yèyé ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Ikú ló fẹ́ rà á.”

Ọkùnrin náà gbé iṣu ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé, ó mú un wá.

Ní Ìkun, obìnrin kan pè é ní apọmọjẹ, ó ní òun kì í ṣe ẹni tí àgbà obìnrin yóò fi ọgbọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ òun. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Yèyé jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà. A kò jẹun. Àwọn tó ń bọ̀ láti oko ń kọjá, wọ́n ń wò wá, obìnrin náà sì ń pariwo láti inú ilé kí gbogbo wọn lè gbọ́ ẹni tí a jẹ́. Ọkọ rẹ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó wọlé, ó ju tata síta láti ojú fèrèsé. Yèyé he é. Lójú ọ̀nà, mo ń sunkún, mo ní ṣé òun kò gbọ́ ohun tí obìnrin náà pè é ni.

Ó ní, “Mo gbọ́. Èébú kì í pa ọmọ.”

Orí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni Yèyé ti ń dáná sun àwọn tata náà. Yóò dúró títí hóró náà yóò fi di eérú, yóò fi igi tú eérú náà wò, lẹ́yìn èyí ni yóò tó tú kókó kan. Ó wú ìtàkùn náà tegbòtegbò kúrò lára ọgbà. Láti ọdún yẹn, bí ikọ́ bá ń ṣe wá, kò sí ewé dídùn mọ́.

Ìyá mi kò jẹ ohun tó ti ọwọ́ Yèyé wá mọ́ títí ó fi kú. Bí Yèyé bá wá sílé wa ní Ìkàrẹ́, ìyá mi á kúnlẹ̀ kí i bó ti yẹ, á gbé àga fún un, á gbé omi fún un, á sì wọ yàrá lọ. Bàbá mi á jókòó tì í. Bí Yèyé bá ti lọ, ìyá mi á da omi tó kù nínú ife sí ẹ̀yìn ilé. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún mi kí n tó sùn ni pé, “Ìyá yẹn ló pa àbúrò rẹ.” Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀.

Nígbà tí mo tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá, n kò lè gbà á mọ́ra mọ́. Yèyé wá kí wa, mo ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé, ó wá dúró tì mí. Mo ní, “Mo fẹ́ sọ fún màámi.”

“Sọ kí ni?”

“Pé èmi ni mo já a wá. Pé èmi ni mo ní kí ẹ fi ṣe ojú.”

Kò bínú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú abọ́ kan, ó ń bá mi ṣàn án. Ó ní, “Bí o bá sọ ọ́, ọmọ méjì ni yóò kú lọ́wọ́ ìyá rẹ.”

Mo dákẹ́. Ìyá mi kú láìmọ̀. Àwọn tí mo ti sọ ìtàn yìí fún, wọn kò ju ẹni méjì lọ, wọ́n ní ìfẹ́ ni Yèyé ní sí mi. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ẹ̀bi ẹni rù, ó ti gba ẹnu ẹni lọ pẹ̀lú rẹ̀. Mo gbọ́ tí ìyá mi ń ṣépè fún un lórí ohun tí mo ṣe, èmi sì ń jẹ ẹran tí ìyá mi bù sí oúnjẹ mi. Mo bínú sí Yèyé fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sì lè búra pé inú náà ti rọ̀ tán.

Nínú kókó mẹ́tàlá, méjìlá tú, ó ku ọ̀kan. Ọ̀kan yẹn ni kò tú.

Ìyàwó ọ̀ṣìngín kan ló ni ín. Èmi ni mo gbé tata náà lé e lọ́wọ́ lọ́jà Ọ̀kà. Ó gbé abọ́ búlúù, ikùn rẹ̀ ti yọ, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ sì ń sọ èdè tí a kò gbọ́. Ohun tí mo rántí kò ju ìyẹn lọ. Ìlú tí èdè wọn yàtọ̀ pọ̀ ní Àkókó. Yèyé dé gbogbo èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé, Epinmi wà lára wọn. Níbi tí wọn kò bá ti gbọ́ Yorùbá rẹ̀, yóò yọ tata kan jáde, yóò na ìka sí i lójú, yóò sì mi orí. Àwọn ọmọ á rò pé eré ni, àwọn náà á máa mi orí.

Lọ́jọ́ tí mo gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ, tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ìkàrẹ́, àwọn ẹbí gbé ìlẹ̀kẹ̀ àti àwo wá. Yèyé gbé tata kan wá. Kò fi ojú kankan sí i, kò tilẹ̀ fi òwú sí i. Ó ní kí n gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, nítorí pé gbogbo Àkókó ló ń ná ọjà Ìkàrẹ́. Ó ní, “Ẹni tó bá ní èkejì rẹ̀ yóò sọ̀rọ̀.”

Ó wà níbẹ̀ láti ìgbà náà. Mo pààrọ̀ ìdọ̀họ ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn oníbàárà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ọ̀kan ní, “Àǹtí Síkírá, ẹ̀yin ni ẹ fọ́ tata lójú kó má baà rí bí ẹ ṣe ń gé aṣọ wa mọ́lẹ̀.” Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbàkígbà tí mo bá lọ sí Ọ̀kà, kí n tó kúnlẹ̀ tán, Yèyé á ti béèrè pé, “Ṣé ó ti sọ̀rọ̀?” Èmi á ní rárá. Nígbà tó darúgbó tán, tó ti gbàgbé orúkọ mi, tó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ pè mí, kò gbàgbé ìbéèrè yẹn.

Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Níbi fìdáù rẹ̀, àlùfáà wàásù pé ìyá tó fẹ́ràn ọmọdé ló lọ, àwọn arúgbó obìnrin méjì tó jókòó lẹ́yìn sì wo ara wọn. Mo rí wọn. Àbúrò bàbá mi tó ń kó ẹrù rẹ̀ bá okùn náà lábẹ́ ìrọ̀rí, ó fẹ́ jù ú nù. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi í sínú báàgì mi.

Kò tíì pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí ìyá ọlọ́mọ kan wá gba búbà tó fún mi rán. Ó pọn ọmọ ọwọ́. Bó ṣe ń jáde, ó fọwọ́ kan tata ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, “Àǹtí, ẹ wá ojú fún eléyìí o. Ti ìyá ọkọ mi lójú, ojú pupa báyìí.”

Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Níbo ló wà?”

“Epinmi. Ọmọ mi àgbà ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó ń yọ eyín ẹ̀yìn, kì í yọ ọ́ lẹ́nu.”

“Pè wọ́n.”

“Kí ló dé, Àǹtí?”

“Pè wọ́n ná.”

Ó pè, kò lọ. Ó tún un pè, kò lọ. N kò ti ṣọ́ọ̀bù. Mo fa ìyá ọmọ náà sórí ọ̀kadà, èmi náà gun ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń sọ ọ̀rọ̀ náà sí i létí bí a ṣe ń lọ títí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu ọlọ́kadà léjìká pé kó sáré. N kò ní sọ ohun tó wà lọ́kàn mi lọ́nà. Mo ti gun irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí, nínú ọkọ̀ tó kó igi.

Ọmọ náà jókòó sórí ẹní nínú àgbàlá. Orí tata wà lẹ́nu rẹ̀. Mo fà á yọ, ọmọ figbe ta, arúgbó obìnrin kan sì jáde láti ibi ìdáná pẹ̀lú ọmọ orógùn lọ́wọ́.

“Ta nìyí tó ń ja ọmọ lólè lọ́sàn-án?”

Mo yí orí tata náà sí ìmọ́lẹ̀. Ojú ọ̀tún, ó wà níbẹ̀. Ojú òsì, ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òwú rẹ̀ ti jẹrà, ó rọ̀ sórí fọ́nrán kan ṣoṣo. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún un ní èdè wọn. Arúgbó náà padà sí Yorùbá, ó le mọ́ mi. “Ọmọ mi àkọ́bí ni mo rà á fún, nígbà tí mo lóyún rẹ̀. Inú àpótí ni mo tọ́jú rẹ̀ sí. Kò sí ohun tó ṣe ọmọ mi, kò sì ní ṣe èyí. Gbé e wá.”

Mo ní, “Ẹ wo ojú yìí, Ìyá. Wọ́n lu ú. Àbúrò mi jẹ irú rẹ̀ ẹyọ kan, ó kú.”

Ó tẹ̀ wò ó. Ó fi ìka kan èyí tó rọ̀, ó sì yára fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó wo ọmọ tó ń sunkún lórí ẹní, itọ́ kún àgbọ̀n rẹ̀.

Ó ní, “Ta ni òṣìkà tó fi irú èyí ṣe ojú ohun ìṣeré ọmọ?”

Ọrùn ọwọ́ mi dùn mí. N kò purọ́, ó dùn mí níbi tí Yèyé máa ń dì mú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dì í mú.

Mo ní, “Èmi ni. Ìyá mi àgbà ló rán an, ṣùgbọ́n èmi ni mo já a wá fún un, èmi ni mo ní kó fi ṣe ojú. Èmi náà ni mo gbé e lé yín lọ́wọ́ lọ́jà Ọ̀kà. Ẹ gbé abọ́ búlúù.”

Arúgbó náà wọlé, ó mú réésà wá. Mo gé ojú méjèèjì kúrò, mo kà wọ́n, méjì ni wọ́n, mo fi wọ́n sínú iná ìdáná rẹ̀. A dúró tì wọ́n títí wọ́n fi di eérú, mo sì fi igi tú u wò. Ọmọ náà kò dákẹ́ ẹkún. Mo gbé tata náà, mo fi eyín fa ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fa ìyẹ́ rẹ̀, mo fa ojú ibi tí a ti rán an pọ̀. Òwú Yèyé kò já. Mo gbé e lé ọmọ lọ́wọ́, ó gbọ̀n ọ́n, èso ìdò dún nínú rẹ̀.

Mo yọ okùn jáde nínú báàgì mi. Kókó tó kù ti le bí òkúta, ìka mi kò ràn án. Eyín ni mo fi tú u. Nígbà tó tú, mo tẹ́ okùn náà sórí ilẹ̀ níwájú mi. Ó gùn ju bí mo ṣe rò lọ.